Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Tẹ́ Rọ́bà Sílẹ̀ Fún Ẹṣin

Ní ìjọ wa ní Ore, àwọn ọ̀dọ́ ní kí àgbà mélòó kan wá sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé fún àwọn, kí àwọn lè mọ èyí tí àwọn máa yàn. Tíṣà kan sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó wá kàn mí. Mo ní iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń tẹ́ rọ́bà sí ilẹ̀ ilé ẹṣin. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àfi bíi pé mo ní mo ń wọ bàtà fún ewúrẹ́. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Bàbá, ẹṣin dà ní Ore?" N kò bá a jà, torí ìbéèrè gidi ni. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún mi níjọ́ náà kò tó, mo sì fi ohun kan pa mọ́ fún wọn tí kò yẹ kí n fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Málàm Sálísù, tí mo fi irọ́ lé kúrò nílé rẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́.

Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú náà a máa yọ̀ ṣubú, ó sì yẹ kí ti ẹ̀yìn mọ ibi tó ti yọ̀.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Araromi-Obu. Ọmọ Agbabu ni ìyá mi. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, tí ó ti hàn sí tẹrú tọmọ pé èmi àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́, bàbá mi fà mí lé Ọ̀gá Akínyọmí lọ́wọ́. Ọ̀gá yìí ti pẹ́ nínú oko rọ́bà ńlá kan lágbègbè wa. Òun ló ń ṣọ́ ilé èéfín tí wọ́n ti ń yan rọ́bà títí tó fi máa pọ́n. Ọ̀gá àgbà oko náà ní ẹṣin méjì tó fi ń yí inú oko ká. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé àwọn ẹṣin náà. Orúnkún wọn ń bó, wọ́n sì ń yọ̀ nígbà òjò. Ọ̀gá mi kó àwọn rọ́bà tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nílé èéfín, ó tẹ́ wọn síbẹ̀, ni àwọn ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá àgbà wá kí i, ó rí i, ó ní òun náà fẹ́. Ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ka iwájú, ó ní kí n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó jẹun tán, ó mu omi, ó ní kí n dìde. Lọ́jọ́ kejì, orí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo kúnlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kẹta, orí èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò. Lọ́jọ́ kẹrin, orí fóòmù. Ó wá bi mí pé èwo ni màá fún ẹṣin. Mo yára ní fóòmù.

"Ẹṣin wúwo tó àpò kòkó mẹ́fà," ó ní. "Bí abẹ́ rẹ̀ bá rọ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rì, iṣan á máa ro ó láàárọ̀ lálẹ́. Orúnkún tìẹ nìkan lo rò. Padà lọ kúnlẹ̀, kí o máa ro ti ẹṣin."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kúnlẹ̀. Bàbá mi wá wò mí, ó rí orúnkún mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ ọ̀gá tó máa fi ọwọ́ pa yín lórí, ẹ máa rántí pé mo ti wà láyé kí wọ́n tó bí yín.

Bí a ṣe ń mọ rọ́bà tó dáa ló kọ́kọ́ kọ́ mi, kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. A máa ń ká igun rẹ̀ kò kí á wò ó bóyá ó ń sán. A máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń ta ni nímú, ẹṣin tó máa sùn tì í kò ní fẹ́ràn rẹ̀. A máa ń da omi sójú rẹ̀, ká sì fi gìgísẹ̀ fà á wò. Nígbà náà, bẹ́líìtì ńlá tí wọ́n fi ń gbé òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ pọ̀ ní títà, ó nípọn, kò sì wọ́n. Ọ̀gá mi kì í rà á. Ó ní ojú rẹ̀ ń dán jù, bí ìtọ̀ bá ti kàn án, ẹṣin á máa rìn bí ẹni tó wà lórí ilá. Rọ́bà tiwa, a máa ń kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi iná se táyà lójú ọ̀nà Benin, wọ́n á tẹ ìlà sójú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè dì í mú.

Lẹ́yìn náà ló kan títẹ́. Abẹ́ rọ́bà ni iṣẹ́ wà. Ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀, ẹ máa kó yangí sí i, ẹ máa gún un, ẹ máa da eruku òkúta lé e, ẹ ó tún gún un títí tí ipa ẹsẹ̀ kò fi ní hàn lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ ó jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ìtọ̀ máa gbà jáde. A kì í gé rọ́bà láàárọ̀, torí rọ́bà tí òtútù mú kéré ju rọ́bà tí oòrùn pa lọ. A máa ń tẹ́ ẹ sóòrùn títí di ọ̀sán, a ó wá ki ọ̀bẹ bọ omi ọṣẹ, a ó gé e láti ẹ̀yìn wá, ẹnì kan á máa fa ẹnu rẹ̀ yà. Bí a bá ti tẹ́ ẹ tán, Ọ̀gá Akínyọmí á bu gàrí dání, á wọ́n ọn sí ojú ibi tí rọ́bà méjì ti pàdé. Bí gàrí bá wọlẹ̀, a ó tú gbogbo rẹ̀, a ó tún un gé. Mo ti sunkún nítorí gàrí tí n kò jẹ.

Òfin rẹ̀ tó le jù kò ju gbólóhùn kan lọ: a kì í lẹ rọ́bà mọ́lẹ̀. Ó ní ìwúwo ara rẹ̀ ni kí ó mú un dúró. Omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin sì gbọ́dọ̀ lè ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kó fọ abẹ́ rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé bí ẹṣin bá ń fi ẹsẹ̀ họ ọ́ sókè ńkọ́? Ó ní kí n gé e kó há dáadáa, kí n kan igi pẹlẹbẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ní ó gba àkókò.

Ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe gba òmìnira àti ohun tí a ná sí i, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ore, ó dojú kọ páàkì tí mọ́tò Ìbàdàn àti ti Àkúrẹ́ ti ń gbé èrò. Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Iṣẹ́ rọ́bà mọ́tò ni mo fi ń jẹun, ẹṣin kì í wọ́pọ̀. Inú igbó la wà, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹṣin gbádùn níbi tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ sin ín, olówó gidi ni.

Olówó bẹ́ẹ̀ kan wà tí gbogbo Ore ń pè ní Bàbá Onígẹdú, nítorí igi gẹdú ló ń là, tó sì ń kó lọ Èkó. Ó ní ẹṣin mẹ́rin lẹ́yìn ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Odigbo. Málàm Sálísù ló ń tọ́jú wọn. Ọmọ Hausa ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé yàrá kan tó lẹ̀ mọ́ ilé ẹṣin náà. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Bó bá wọlé láàárọ̀, àwọn ẹṣin á ti máa kí i kó tó fọhùn. Èyí tó fẹ́ràn jù ni abo kan tó pọ́n yòò, ó ń pè é ní Gimbíyà. Ó ní ọmọbìnrin ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn. Àrùn eṣinṣin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan, oṣù méjì ni Sálísù fi ń sùn tì í tó ń fi ọwọ́ bọ́ ọ.

Èmi ni Bàbá Onígẹdú gbéṣẹ́ fún. Iṣẹ́ ńlá mi àkọ́kọ́ ni. Mo tẹ́ yàrá mẹ́ta, kò sí wàhálà. Yàrá Gimbíyà ló yọ mí lẹ́nu. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ iwájú họ ilẹ̀ bó bá ti gbọ́ ìró báàfù oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló họ rọ́bà mi sókè. Igi tí ọ̀gá mi ní kí n kàn, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọgbọ́n tó ju ti ọ̀gá mi lọ.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbabu. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni rédíò ti ń sọ pé ọ̀dà yìí máa sọ wá di ọlọ́rọ̀, a ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ìyá mi kò retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ń dí ojú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ń kun ẹsẹ̀ òpó kí ikán má jẹ ẹ́, bí páànù bá ń jò wọ́n á fi dí i. Ohunkóhun tí ọ̀dà Agbabu bá dì mú, ó dì í mú nìyẹn. Mo lọ bu kẹ́ẹ̀gì kan wá, mo yọ́ ọ lórí iná, mo dà á sílẹ̀ yàrá Gimbíyà, mo tẹ rọ́bà lé e. Ó họ ọ́ títí, ó sú u. Bàbá Onígẹdú bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọmọ wa ti mọ iṣẹ́. Orí mi wú.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí n kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe rọ́bà pẹ́ mọ̀, ni pé òróró inú ọ̀dà a máa wọ inú rọ́bà. Rọ́bà á wú, á rọ̀, ẹnu rẹ̀ á máa ká sókè. Nígbà òjò, kò hàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí oòrùn ń jó páànù orí ilé náà láti àárọ̀, ọ̀dà tó wà lábẹ́ yọ́.

Sálísù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá rọ́bà," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ilẹ̀ Gimbíyà ń gbé nǹkan dúdú jáde. Ó ń yọ̀."

Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ dìde. Mo ní, "Ìdọ̀tí ọyẹ́ ni, Málàm. Ẹ máa fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láràárọ̀, ó máa lọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ bí mo ṣe wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, Gimbíyà ti wà nílẹ̀. Ó fẹ́ dìde láti ibi tó sùn sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ̀, èkejì há sábẹ́ ẹnu rọ́bà tó ká sókè, egungun rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà ẹran ti wò ó, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun má jẹ́ kó jìyà mọ́. Sálísù gbé orí rẹ̀ lé itan títí tí abẹ́rẹ́ fi ṣiṣẹ́. N kò rí ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kò sì pariwo.

Bàbá Onígẹdú dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí garawa omi ọṣẹ, ó rí i pé ilẹ̀ tutù. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo tẹ́ ẹ. Wò ó dáadáa. Ṣé ilẹ̀ yìí ló ṣe é, àbí ọwọ́ ọkùnrin yìí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo rí ọ̀dà tó fà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ìpàdé rọ́bà. Ìbẹ̀rù mú mi, mo ń ro ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń ro orúkọ mi, mo ń ro etí tí ọ̀gá mi máa fi gbọ́ ọ. Mo ní, "Ilẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Omi ló pọ̀ jù lórí rẹ̀."

Ẹyin lohùn. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi, ó fọ́, kò sì sí ẹni tó lè kó o jọ. Bàbá Onígẹdú ní kí Sálísù kó ẹrù rẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Sálísù gbójú sókè, ó wò mí. Kò sọ pé èmi ni mo ní kí òun da omi. Kò sọ nǹkan kan rárá.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo fi òwe yẹn tu ara mi nínú fún ọjọ́ méjì. Mo ní ṣebí òun náà lẹ́nu, bó bá mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi, kó sọ̀rọ̀. Ẹ wo irú ọgbọ́n tí ojo ń dá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí wọn ní páàkì lódìkejì títì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹrù. Ọmọ kékeré wọn di búútà mú. Sálísù dúró, ó kọjú sí ọ̀nà. Mo tẹ orí mọ́ rọ́bà tí mo ń gé, n kò gbé e sókè. Nígbà tí mo gbé e sókè, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá Akínyọmí yà sí ọ̀dọ̀ mi. Ó rí rọ́bà mẹ́ta tí mo gé ní ìgékúgèé. Ìkálẹ̀ ló ń sọ bí nǹkan bá ká a lára. Ó ní, "Ọma mi, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?" Bó ṣe pè mí lọ́mọ ni ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu mi, látorí ọ̀dà dórí páàkì. Mo retí ìgbájú. Kò gbá mi. Ó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta.

"Ti ọ̀dà, àìgbọ́n ni," ó ní. "Àìgbọ́n máa ń tán. Èyí tó tẹ̀lé e ni n kò kọ́ ẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ bá Bàbá Onígẹdú. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹnu tó dì í ni kó lọ tú u.

Mo lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ṣí rọ́bà níwájú Bàbá Onígẹdú, ọ̀dà ń fà tẹ̀lé e, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti múra fún èébú. Ńṣe ló jókòó sórí garawa kòròfo kan. "Ọdún mọ́kànlá ni Sálísù bá mi gbé," ó ní. "Ìwọ, ọjọ́ mélòó lo fi ṣiṣẹ́ níbí? Ìwọ ni mo sì gbà gbọ́." Ó bi mí pé níbo ni Sálísù gbà lọ. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wá a, àti pé òun kò fẹ́ rí mi mọ́ títí tí n ó fi rí i.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ayé mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá a dé Sábó Ondó, mo wá a dé Àkúrẹ́. Wọ́n ní ó gba Ìbàdàn lọ. Owó mọ́tò tán. Ìgbà yẹn ni mo ronú pé ibi tí olùtọ́jú ẹṣin bá máa wà, ibi tí ẹṣin wà ni. Bí mo bá ń tẹ́ rọ́bà fún ẹlẹ́ṣin kiri, màá pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo wá fi rọ́bà mọ́tò sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo ti ya wèrè. Mo tẹ́ rọ́bà fún ọba, mo tẹ́ ẹ fún àwọn tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù, mo tẹ́ ẹ fún ẹni tó ní ẹṣin kan ṣoṣo tí kò sì lè gùn ún. Ilé ẹṣin tí mo bá dé, n kì í kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Mo máa ń lọ sẹ́yìn, mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìgbẹ́ pé, "Ẹ mọ Sálísù kan, tó ti gbé Ore rí?"

Ọdún ń yí. Irinṣẹ́ ń yí. Ọ̀bẹ àti omi ọṣẹ di ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gé e, tó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Rọ́bà táyà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ padà, dé láti òkè òkun, eyín wà létí rẹ̀ tó ń di ara wọn mú, bí ọmọdé ṣe ń to páálí. Ó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lónìí, ẹni tó wà ní Araromi-Obu lè fi fóònù yan àwọ̀ tó wù ú. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì lè gún yangí. Mo ti rí rọ́bà olówó gọbọi tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ tí wọn kò gún, ó rì láàárín bí àwo. Ọ̀gá Akínyọmí kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Kó tó kú, bí mo bá lọ kí i, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí kó tó bi mí ní ti ìyàwó àtọmọ: "O ti rí i?" Mo máa ń ní rárá. Á ní, "O kú iṣẹ́ o," ẹ̀gàn kò sì sí nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá. Wọ́n pè mí sí Ìlọrin, yàrá ẹṣin mẹ́jọ. Mo gba ẹ̀yìn wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó lábẹ́ igi màǹgòrò, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń darí àwọn gende tó ń fọ ẹṣin. Kí n tó la ẹnu, ó ti rí mi.

"Ọ̀gá rọ́bà," ó ní. "O ti hewú."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìdọ̀tí ẹṣin níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò fún ọdún mẹ́tàlélógún, n kò rí ìdajì rẹ̀ sọ. Mo ní, "Málàm, ọ̀dà ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni mo pa Gimbíyà. Mo sì purọ́ mọ́ yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọ̀dà wà lábẹ́ pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó sin ín."

Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo jókòó nílẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìwọ ọmọ onílẹ̀, èmi àlejò." Ó fi ọ̀pá fa ìlà sílẹ̀, ó ń wò ó. "Ìwọ ni mo ń retí. Mọ́tò mẹ́ta ló kún ní páàkì lọ́jọ́ yẹn tó lọ, mi ò wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ń bínú. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọ̀gá rọ́bà máa sọdá wá."

Ó sọ ìyókù fún mi, n kò sì lè sá. Ìròyìn pé ó pa ẹṣin ti ṣáájú rẹ̀ dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó gbà á. Ọdún mẹ́ta ló fi ru ẹrù lọ́jà kí ẹnì kan tó tún fi ìjánu ẹṣin lé e lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé Bàbá Onígẹdú mọ òótọ́, pé ó wá a títí ó fi kú. Ó ní ó dáa. Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo bá wá. Mo ní rọ́bà ni mo wá tẹ́. Ó ní kí n lọ ṣe é.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì. Sálísù kò sún mọ́ wa. Mo gún ilẹ̀ yẹn bí n kò ṣe gún ilẹ̀ rí. Ní ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wọlé, ó dúró lórí rọ́bà àkọ́kọ́.

"Gbé e sókè," ó ní, "jẹ́ kí n rí abẹ́ rẹ̀."

Mo gbé e sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ náà. Ó bọ́ sí èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn rọ́bà yẹn, ọkùnrin méjì ló yẹ kó máa gbé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní rárá, kí òun rí i lọ́wọ́ mi. Yàrá mẹ́jọ, rọ́bà mẹ́rin mẹ́rin. Òógùn wọ̀ mí lójú, ẹ̀yìn ń ro mí, ó sì ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, kò sì fo ìkankan. N kò bi í bóyá ó ti dárí jì mí, òun náà kò sì sọ ọ́.

Ìgbà tí ó ku ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bákan náà ni gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá wa sinmi." Èmi ni Sálísù ń wò, bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí Gimbíyà kú, ó ń dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo sì gbé e dání bẹ́ẹ̀ títí ó fi wò ó tẹ́rùn.